Ìka Ìyá Ọkọ Mi àti Ilẹ̀kùn Ilé Wa Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́ admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Èmi ni mo block ìka ìyá ọkọ mi lára ilẹ̀kùn ilé wa, ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀...

Nígbà tí a ń wá ilé rà, smart house ni mo ní mo fẹ́, nínú estate tuntun kan lọ́nà Challenge. Fóònù lẹ fi máa tan iná, ilẹ̀kùn ò ní kọ́kọ́rọ́, ìka lẹ máa tẹ̀ mọ́ ọn. Orí mi wú. Màmá, ìyá ọkọ mi, bá wa lọ wò ó, iwájú agent ni wọ́n ti ní irú ilé wo ni kò ní kọ́kọ́rọ́. Ọkọ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, díẹ̀ ló kù kí ilé yẹn bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. A padà rà á, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé.

Lọ́dún yìí Màmá ṣubú ní Ìlọrà, níbi tí wọ́n ń dá gbé, la bá ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó wá fi ìka wọn sínú ẹ̀rọ gbìyànjú títí, torí pákí tí Màmá ti ń bó látìgbà èwe ti jẹ gbogbo ìlà orí ìka wọn tán. Ìka kékeré ọwọ́ òsì nìkan ló wọlé. Inú wọn dùn, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń tì í. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo jókòó sí ọ́fíìsì mi ní Dùgbẹ̀, mo block ìka yẹn látorí fóònù, kí ilẹ̀kùn má baà ṣí fún un mọ́.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní kí n fi ṣe wọ́n o... Kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n. Bí wọ́n bá jáde tí wọ́n sì padà dé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, iná pupa á tàn, wọ́n á nu ìka mọ́ ìró, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ọwọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á wá jókòó sínú oòrùn, èmi á jẹun ọ̀sán mi tán kí n tó ṣí i fún wọn láti ọ́fíìsì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọkọ mi bi mí ìdí tí ilẹ̀kùn kì í fi í ṣí fún wọn, mo ní bóyá Màmá ń gbàgbé ìka tó yẹ kí wọ́n tẹ̀. Ó gbà mí gbọ́. Ó ti wá ń bi ìyá rẹ̀ pé kí lorúkọ àwọn ọmọ wa. Màmá náà ti gbà pé ọpọlọ àwọn ò ṣe dáadáa mọ́, wọ́n ní àwọn ń padà sí Ìlọrà. Sátidé yìí ni ọkọ mi máa gbé wọn lọ.

Àná wọ́n bá mi ní kíṣìnì, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ọmọ tí àwọn bí ò lè ṣe ohun tí mò ń ṣe, pé ojoojúmọ́ ni mò ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún àwọn. Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ gbàdúrà. Bí mo bá tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan péré, ìka wọn á ṣiṣẹ́, wọ́n á sì dúró... mi ò fẹ́ kí wọ́n dúró, òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún ṣubú ní Ìlọrà ńkọ́, ta ló máa gbé wọn dìde? Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún ọkọ mi, kó lé mi? Ṣé kí n dákẹ́? Bí mo ṣe ń kọ èyí, Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń tẹ ìka yẹn. Kí ni kí n ṣe?