Súwẹ́tà Kan fún Ìyá Méjì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ara mi le koko, iṣẹ́ ọ́fíìsì mi náà ń lọ dáadáa. Mo rí fọ́tò méjì ilé ìtọ́jú arúgbó tí ẹ fẹ́ mú Màmá lọ. Ẹ kú làákàyè. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni obìnrin tó pọ̀n yín títí ẹsẹ̀ yín fi ń wọ́lẹ̀ gbàgbé láti pa sítóòfù, ẹ ti di ẹrù wọn. Ṣé ẹ tiẹ̀ bi wọ́n?

Ẹ ní gbogbo arúgbó ibẹ̀ ló múra dáadáa. Ẹ tún fọ́tò méjèèjì wò. Súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí bọ́tìnì rẹ̀ kan ti já ló wà lọ́rùn ìyá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú èyí àkọ́kọ́. Òun náà ló wà lọ́rùn ìyá inú fọ́tò kejì. Tí àlejò bá ń bọ̀, wọ́n á wọ̀ ọ́ fún ẹni tí wọ́n wá kí. Tí àlejò bá lọ tán, wọ́n á bọ́ ọ kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ojú ayé lásán. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá. Tí wọ́n bá tún bèèrè ohun tó bó ọwọ́ mi nínú fídíò, ẹ ní òtútù ọ́fíìsì ni. Ẹ má sọ pé ìyá oníyàá ni mò ń wẹ̀ fún láràárọ̀.

Èmi àbúrò yín.