Irin Tí Mo Yàn

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹfà, 2025
Èmi ni wọ́n ní kí n yan irin afárá kékeré ọ̀nà Ìdógun. Ti àtijọ́ ti dípẹtà tán. Irin méjì ló wà. Ọ̀kan kò nílò ọ̀dà — ìpẹtà tirẹ̀ ló ń di awọ tó ń dáàbò bò ó. Ó wà nílẹ̀ ní Èkó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, afárá ti dúró. Ìkejì, èyí tí wọ́n rì sínú síńkì yíyọ́ kí ìpẹtà má lè mú un, oṣù mẹ́ta. Ọ̀gá mi — Kíákíá ni mò ń pè é níbí — ti Èkó ló fẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 5
Mo mú Bàbá Jìbírílù lọ sódò, wẹ́dà Ọ̀wọ̀ tó ti ń lẹ afárá yẹn láti ọdún mọ́kànlá. Bàbá fọwọ́ pa abẹ́ irin, omi ló bá jáde. "Injiníà, wò ó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, ibí kì í gbẹ."
Òótọ́ ni. Igi ṣíji bò ó. Ìpẹtà tí kò bá ráyè gbẹ kì í di awọ. Ṣe ló máa jẹ irin lọ.

Ọjọ́ Ajé, 9
Mo buwọ́ lu ti síńkì. Kíákíá bínú: ṣé kí àwọn èèyàn máa fò kọjá ni? Mo ní kí wọ́n dínà mọ́ ọkọ̀ ńlá. Wọ́n gbé àgbá méjì síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 30
Òjò. Wọ́n ti yí àwọn àgbá dànù. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Keje
Afárá já. Ọkọ̀ gẹdú gùn ún láàárọ̀. Qudirat wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀kadà — ọmọ Bàbá Jìbírílù, tíṣà ní Ìdógun. Ọlọ́kadà yè é.
Qudirat kò yè é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12
Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àná ni wọ́n sin ín. Ká ní ti Èkó ni mo yàn, afárá tuntun ì bá ti wà níbẹ̀. Mo ka ọjọ́. Mo tún un kà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Kíákíá gbé fọ́ọ̀mù mìíràn wá. Irin Èkó. Ó ní ìlú ń pariwo. Mo gbé e, mo lọ bá Bàbá. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé yíyàn mi ló fa ìdádúró.
Bàbá fà mí dìde. "Mo mọ̀. Èmi náà ni mo gbà ọ́ nímọ̀ràn." Wọ́n nu ojú. "Àmọ́ èyí tí o fẹ́ gbé síbẹ̀ yìí, ọmọ ta ló máa já pa?"
Mo ṣèlérí fún wọn pé irin Èkó kò ní gorí odò yẹn.

Ọjọ́rú, 16
Mo dá fọ́ọ̀mù padà láìbuwọ́ lù ú. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, ẹlòmíràn sì ti buwọ́ lù ú. Irin Èkó ń bọ̀.
Mi ò tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún Bàbá.