Àwòrán Bàbá tí Àlàgbà Adégbóyè Yà

Bọ̀dá mi Ọpẹ́fólúwa,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Níbí ní Abereke, òkun ti gba ilé ìdáná, ibà ò sì jẹ́ kí Màmá gbádùn. Ó ti rẹ̀ mí.

Ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n, wọn ò lè ya ẹja sára ọkọ̀ apẹja mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, Àlàgbà Adégbóyè, ayàwòrán tí àwọn àti Bàbá ti ń bára wọn yodì láti ọdún mẹ́sàn-án, wá fi pẹ́ńsùlù ya Bàbá. Bàbá wò ó títí.

"Ṣé bí mo ṣe gbó tó nìyí?"

"Èmi náà ti gbó," ni Àlàgbà dáhùn. Àwọn méjèèjì bá bú sẹ́kún.

Bàbá wá pè mí: "Kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n ẹ. Ìjà èmi àti ẹ̀ náà ti tán. Kó tètè wálé, kó má baà jẹ́ àwòrán yìí nìkan ni yóò bá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Olúwa á mú yín gúnlẹ̀ láyọ̀.

Àbúrò yín,
Rejoice