Àdírẹ́sì Bàbá Wa ní Orílẹ̀-èdè Tó Ti Kú

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópó Alágbẹ̀dẹ.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ àbíkẹ́yìn rẹ ti lọ? Ara gbogbo wa le níbí, àfi orí mi tí bàbá wa ń fi ọ̀rọ̀ fọ́. Mo mọ̀ pé o ní kí n má dárúkọ wọn fún ọ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọkọ rẹ, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á.

O rántí àdírẹ́sì ímeèlì tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ rédíò lókè òkun, tí álífábẹ́ẹ̀tì méjì orílẹ̀-èdè ibẹ̀ wà ní ìparí rẹ̀? Orílẹ̀-èdè náà ti fọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ti pín ogún, àsíá rẹ̀ ti di àkísà ìnulẹ̀. Bàbá wa ṣì kọ àdírẹ́sì ọ̀hún gàdàgbà sára pátákó ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe, àwọn oníbàárà sì ń bi mí bóyá gbájúẹ̀ ni wá. Ní báyìí, àwọn aláṣẹ íńtánẹ́ẹ̀tì ti kéde pé oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn máa pa álífábẹ́ẹ̀tì méjèèjì náà rẹ́, àdírẹ́sì náà á sì kú.

Mo ní kí bàbá gba tuntun, kó parí sí álífábẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ tiwa. Ìwàásù ló tẹ̀lé e. Wọ́n ní àwọn tó dá orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kò fẹ́ dá ẹjọ́ ta ni orílẹ̀-èdè, ta ni kì í ṣe, ni wọ́n bá mú ìwé tí ẹlòmíì ti to orúkọ àwọn ilẹ̀ àti álífábẹ́ẹ̀tì wọn sí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì yọwọ́ nínú ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí erékùṣù tí ẹyẹ nìkan ń gbé fi ní álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé rédíò àwọn ẹyẹ yẹn bàjẹ́ ni?" Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ́ sí ti erékùṣù kékeré kan tó ń ta tirẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó mọ gbogbo èyí, kò mọ̀ pé òkú kì í ní ojúlé.

Lánàá ni mo fìbínú bi wọ́n pé kí ló dé gan-an. Wáyà ni wọ́n ń yọ lára rédíò kan, wọn ò wojú mi.

"Èyí ni àbúrò ẹ mọ̀."

Mo fèsì pé o ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, o ò sì kọ nǹkan kan síbẹ̀. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n lọ ṣí kọ̀ǹpútà, wọ́n wò ó, wọ́n pa á, wọ́n padà sídìí rédíò. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, n kò purọ́. Wọn ò ní gba nọ́ńbà rẹ lọ́wọ́ mi láéláé, ìwọ náà ò sì ní kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni bíni là á jọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Kọ̀wé síbẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Bó bá jẹ́ èébú nìkan lo rí kọ, kọ ọ́. Wọ́n á kà á.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,
Aláròyé.