Iṣu Tí Mo Gbé Láti Koro

Ọjọ́ Ajé, 3 Júláì 1961. Odò-Ọwá.
Tàdáwà Pupa tún ti dárà sórí ìwé mi. Ọ̀gá àgbà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnjìnmí, ni mo sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ — nínú ìwé yìí nìkan o! Lórí ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ mi ló kọ ọ́ sí gàdàgbà: "Kí ni àwọn ọmọ yóò fojú rí?" Oṣù mẹ́fà péré sẹ́yìn ni mo gba ìwé ẹ̀rí Gíréèdì Tíírì, ó ń ṣe bí ẹni pé mo jí i ni. Inú bí mi, n kò jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 6 Júláì
Ìwé dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Kọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta fún àwọn olùkọ́, ní Ìlọrin, nínú ìsinmi oṣù Kẹjọ. Ẹnì kan péré láti ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Alábòójútó yóò wá wo bí a ṣe ń kọ́ni ní ogúnjọ́ oṣù yìí, ọ̀gá yóò sì fa ẹnì kan kalẹ̀. Mo fẹ́ ẹ. Bí n kò bá lọ, Gíréèdì Túù di àlá nìyẹn.
Tíṣà Jonah ti Kíláàsì Kẹrin ní kí ni mo tún ń wá nígbà tí mo ti yege. Ó ní ìwé yóò sọ mí di arúgbó. Mo rẹ́rìn-ín. Kò dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Júláì
Kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì!
Mo lọ sílé ní Koro. Wọ́n ti jẹ iṣu titun níbẹ̀. Bàbá mi wa odidi iṣu kan fún mi, tòun ti itàkùn, ewé, gbòǹgbò, erùpẹ̀ lára. Ohun tí àwọn ọmọ yóò fojú rí nìyí! Mo gbé e karí, mo gba àárín ọjà Odò-Ọwá kọjá — kò sẹ́ni tó dáhùn ìkíni mi.
Onílé mi, Ìyá Àtinúkẹ́, ló ké lẹ́nu ọ̀nà: "Yéè! Usu titun kẹ̀! Ọba éè tíì jẹ usu, ọ gbé e wọ ùlú!"
Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ọjọ́ Ajé, 17 Júláì
Àwọn ìránṣẹ́ ààfin wá gbé iṣu náà. Tàdáwà Pupa bá wọn lọ. Ó pẹ́ kó tó dé. Kò wò mí. "Má fẹnu kan ọ̀rọ̀ yìí mọ́." Ó tán. Jonah ní wọn yóò lé mi kúrò nílùú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Júláì
Ọ̀gá pẹ́ dé. Ó fi aṣọ di ọwọ́ ọ̀tún. Kò sí tàdáwà pupa lórí ìwé mi — òfìfo. Ó ti pa mí tì. Ẹ̀rù èyí bà mí ju ìbínú rẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 19 Júláì
Ọ̀la ni. Kò síṣu, kò sẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20 Júláì
Alábòójútó jókòó lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ ga ju bẹ́ǹṣì lọ. Mo ṣáà la ẹnu: "Ta ló lè sọ fún mi ìdí tí iṣu titun kò fi tíì wọ ìlú?"
Gbogbo ọwọ́ ló sókè. Adégbóyèga ní itàkùn kò tíì gbẹ, omi ló kún inú iṣu. Fúnmilọ́lá ní bí kò bá sí èèwọ̀, ẹni tébi ń pa á wa iṣu oníṣu. Wọ́n ń sọ, mo ń yà á sára pátákó, láti ebè dé itàkùn. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi. Alábòójútó kọ̀wé títí. Tàdáwà Pupa dúró lójú fèrèsé, kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Júláì
Òwúrọ̀ yìí ni Ìyá Àtinúkẹ́ sọ ọ́ fún mi. Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn ìjòyè — òun, alàgbà ìjọ! Ó ní òun ló ní kí n wá ohun tí ọmọ lè fojú rí, ẹ̀bi òun ni. Wọ́n ní kó fi ọkọ́ ro ọ̀nà oko ọba ní òwúrọ̀ mẹ́ta. Ó ro ó. Ọwọ́ rẹ̀ bó.
Mo sáré dé ọ́fíìsì rẹ̀. Fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì. Tàdáwà pupa. Lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ọmọ Kíláàsì Kìíní ló fi kọ orúkọ mi: Susanna Adégbìtẹ́.
Mo kúnlẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ tó fi aṣọ dì:
"Ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dà?"