Aṣọ Tí Màmá Á Fi Mọ̀ Mí

                                                            Ilé McGourty,
                                                            Gortnalee,
                                                            Leitrim,
                                                            Ireland.
                                                            Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, 1991.

Dympna, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, níbi tí gbogbo yín ti wà létí òkun, tí oòrùn Australia ti sọ imú Cormac di pupa. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò ní kíṣìnì. Níbí, òjò là ń jí rí, òjò là ń sùn tì. Omi ti dé ẹnu géètì Packy Gilhooly, ó sì ń bú òjò náà bí ẹni pé aládùúgbò ni. Ara tèmi le. Ti Màmá náà le, bó bá jẹ́ ti ara nìkan là ń sọ. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, ẹsẹ̀ wọn kò wú mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n ní àyà wọn ń lù bí ti ọmọge.

Mo mọ̀ pé ìyẹn kọ́ lo fẹ́ gbọ́. Nígbà tí o bi mí lórí fóònù bóyá Màmá ṣì mọ̀ mí, mo ní kí o jẹ́ kí n kọ ọ́ sí ọ. Òun ni mo ń kọ yìí. Jọ̀wọ́, jókòó kà á, má kà á lórí ìdúró.

O rántí àdéhùn wa pé níwọ̀n ìgbà tí Màmá bá ṣì mọ ọ̀kan nínú àwa ọmọ wọn, ẹnikẹ́ni kò ní gbé wọn kúrò nínú ilé yìí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà nígboro ti fi bẹ́ẹ̀dì kan pamọ́ fún wọn, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ẹnu wa lọ́jọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Màmá ti ń pè mí ní oríṣiríṣi orúkọ. Nígbà mìíràn nọ́ọ̀sì ni mí, nígbà mìíràn wọ́n á máa fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀, bí àlejò. Mo ń tan ara mi pé àṣìpè ni, pé orúkọ ló ń sá mọ́ wọn lọ́wọ́, pé èèyàn gan-an kò tíì sá. Kí n tó dá àwọn ará ilé ìtọ́jú lóhùn, mo fẹ́ mọ òtítọ́, mo sì pinnu pé ọjọ́ Hálówíìnì, tí tọmọdé tàgbà ń para dà kiri ilé, ni màá fi mọ̀ ọ́.

Má tíì rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà mọ̀ pé ní gbogbo àdúgbò yìí, kò sẹ́ni tó tó Màmá í dá èèyàn mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni yòówù tó bá wọlé, tó ti da nǹkan bojú, tó wọ àkísà, tó dúró láàrin kíṣìnì láìfọhùn, Màmá á gbé ife tíì wọn sílẹ̀, wọ́n á wò ó láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ìbàdí, wọn kì í tilẹ̀ wo ojú, wọ́n á sì dárúkọ rẹ̀. Ṣé o rántí ọdún tí Packy wọ aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó fi orúnkún rìn wọlé kó lè dà bí ẹni kúkúrú? Màmá kàn ní kó dìde nílẹ̀ kó má ba aṣọ Rosaleen jẹ́. Òfin náà kò sì yí padà rí nílé wa: ẹni tí wọn kò bá tíì dárúkọ kò gbọdọ̀ ṣí ojú.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé aṣọ ọdún yìí dà mí láàmú. Gbogbo ayé ń wá aṣọ tí wọ́n á fi sá pamọ́, èmi ń wá èyí tí wọ́n á fi rí mi. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú aṣọ funfun bí iwin, àmọ́ ẹ̀rù bà mí pé Màmá á rò pé ikú ló dé. Mo lọ ra fìlà àjẹ́ pẹ̀lú imú gígùn kan nígboro, mo dúró síwájú dígí, ó sì yẹ mí débi pé inú bí mi. Fidelma ará ilé kejì, tó ń bá mi jókòó ti Màmá nígbà tí mo bá jáde, rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní kí n yéé wá ohun tó yẹ ojú mi, kí n wá ohun tó yẹ ìrìn mi, nítorí ìrìn mi ni Màmá yóò wò.

Ìgbà yẹn ni mo rántí kóòtù Bàbá, èyí dúdú tí bọ́tìnnì rẹ̀ já, tí à ń fi okùn dè nígbàdí. Òun ni mo máa ń wọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pẹ̀lú kọ́tìnì léèsì àtijọ́ tí mo fi ń bojú. Kí n tó pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara mi ni Màmá á ti dárúkọ mi. Wọ́n á ní kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ sósì bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Leitrim àfi Attracta. Mo yọ kóòtù náà jáde nínú àpótí, mo gbọn ekuru rẹ̀ nù, mo wọ̀ ọ́. Nígbà yẹn lọ́hùn-ún, ó máa ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn mi. Ní báyìí, ó dé mi lórúnkún gẹ́lẹ́, èjìká rẹ̀ bá èjìká mi mu. Inú mi dùn. Mi ò fura sí nǹkan kan.

Nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣú lọ́jọ́ náà, Fidelma gbé Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó gé búrẹ́dì elésò àjàrà, èyí tí òrùka ẹni tí yóò gbéyàwó wà nínú rẹ̀, sórí tábìlì, èmi sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo dara pọ̀ mọ́ Packy àti àwọn ọmọ Fidelma méjèèjì, a jọ wọlé. O ò bá rí Màmá. Wọ́n nà tantan lórí àga, ojú wọn mọ́lẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Packy wọ àpò ọ̀dùnkún láti orí dé itan. Màmá wo bàtà rẹ̀, wọ́n ní Packy Gilhooly ni, kò sẹ́lòmíràn tó ń fi ìgbẹ́ màlúù wọ ilé onílé. Wọ́n dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, wọ́n fi orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ pe èkejì, àmọ́ ìdílé kan náà ni, a sì pàtẹ́wọ́. Ó wá kù mí. Mo tẹ ara mi sósì dáadáa kí wọ́n má bàa ṣì í. Màmá wo bàtà mi, wọ́n wo okùn ìgbàdí, wọ́n wò ó pẹ́ títí, wọ́n wá rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tí mi ò rí lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí a ti sìnkú Bàbá.

“Malachy,” ni wọ́n wí. “Ibo lo ti wà látàárọ̀? Tíì rẹ ti tutù.”

Bàbá ni wọ́n pè mí. Mo kọ́kọ́ mirí pé èmi kọ́, bí a ti ń ṣe tí ẹnì kan bá ṣì wá mọ̀. Màmá ní kí n yéé mirí sí wọn, kí n wá jókòó, òjò ti pa mí. Dympna, mi ò lè fara dà á. Mo rú òfin. Mo ká kọ́tìnì náà kúrò lójú, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní, “Màmá, èmi ni. Attracta ni.”

Wọ́n wo ojú mi láti irun dé àgbọ̀n.

“Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?” ni wọ́n bi mí. “Ta ló fún yín ní kóòtù ọkọ mi?”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Wọ́n ń pe Malachy, wọ́n ń gbìyànjú láti dìde, ife bọ́ lọ́wọ́ wọn ó fọ́. Fidelma dì wọ́n mú, ó ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, wọn ò gbà. Àwọn ọmọ dì mọ́ ògiri. Packy ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú kọ́tìnì náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Dà á bojú padà, Attracta, ọmọ dáadáa.” Mo dà á bojú. Màmá dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

Àwọn tó kù rọra jáde lọ. Mo jókòó sórí àga Bàbá, Màmá sì bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gidi, irú èyí tí mi ò gbọ́ mọ́ láti ọdún tó kọjá. Wọ́n sọ̀rọ̀ màlúù tó bímọ sínú kòtò, wọ́n sọ̀rọ̀ bàtà ilé ìwé tí ìwọ àti èmi jọ ń jà sí, ohunkóhun ò sọnù níbẹ̀. Èmi kàn ń mi orí bí ẹni tó gbà, nítorí ohùn mi á tú mi fó. Mo jowú Bàbá wa tó ti kú, Dympna. Lẹ́yìn náà ni Màmá fà súnmọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

“Obìnrin kan wà nínú ilé yìí, Malachy. Èèyàn dáadáa ni. Ó ń wẹ̀ mí, ó ń fún mi lóúnjẹ, kì í jágbe mọ́ mi. Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún un kó máa lọ sílé. Ìyá rẹ̀ á ti máa wọ̀nà fún un.”

Mo mi orí pé mo ti gbọ́. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Láti ọjọ́ náà, wọn ò gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi mọ́ tí mo bá ṣí ojú sílẹ̀. Gbogbo abúlé ti kó aṣọ Hálówíìnì wọn pa mọ́, èmi ṣì wà nínú tèmi. Nínú kóòtù ni mo ti ń se ọ̀dùnkún, kọ́tìnì ni mo fi ń bojú tí mo fi ń fún wọn lóògùn. Lánàá, mo lọ ṣí ilẹ̀kùn fún Packy, mi ò rántí ká kọ́tìnì náà kúrò. Ó yọ fìlà fún mi bó ṣe máa ń yọ ọ́ fún Bàbá, ojú wá tì í. Mo ti sunkún títí, ẹkún náà ti sú mi, mi ò sì rí ibì kankan tí nǹkan rere fẹ́ gbà wọlé.

Kí ni kí n sọ fún àwọn ará ilé ìtọ́jú lọ́jọ́ Jímọ̀ náà? Tí a bá tẹ̀ lé àdéhùn wa, ọ̀rọ̀ ti tán, nítorí pé Màmá kò mọ ọmọ kankan mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ àga wọn, wọ́n mọ iná wọn, wọ́n mọ ọkọ wọn tó ń wọlé lọ́sàn-án. Tí mo bá gbé wọn lọ síbẹ̀, ta ni yóò máa jẹ́ Malachy fún wọn? Tí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ níbí, títí dìgbà wo ni èmi yóò máa jẹ́ ẹ? Mi ò lè dá nìkan dáhùn èyí. Jọ̀wọ́, pè mí kó tó di Jímọ̀ náà.

O béèrè ohun tí mo fẹ́ kí o mú bọ̀ fún Kérésìmesì. Má mú nǹkan kan bọ̀ fún mi. Ohun tí ò ń bọ̀ wá wọ̀ ni kí o rò. Mo ti tú àpótí náà dé ìsàlẹ̀ bóyá màá rí ohun kan tó lè bá ọ mu, tí Màmá á fi mọ̀ ọ́. Kóòtù kan péré ló wà níbẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Fidelma ń kí ọ. Packy náà ń kí ọ. Òun ló he òrùka inú búrẹ́dì ọdún yìí, gbogbo èèyàn sì ń bi í nígbà wo ni ìgbéyàwó, inú ń bí i gan-an. Ǹ bá sọ pé Màmá ń kí ọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì purọ́ fún ọ nínú lẹ́tà yìí. Wọ́n ń pe Malachy láti yàrá báyìí. O mọ òfin ilé wa, Dympna. Wọn ò tíì dárúkọ mi. Jẹ́ kí n lọ da kọ́tìnì bojú.

                                                            Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, lábẹ́ kóòtù Bàbá,
                                                            Attracta.