Bàbá Ṣí Fìlà Níwájú Mi

Alékùwòdó, Òṣogbo,
4 Òkítóbà, 1974.

Ẹ̀gbọ́n mi Sànúsí,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Jọ́ọ̀sì. Àpìkẹ́ ìyàwó mi ti bí obìnrin, alihamudulilahi. Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá náà ti ń fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ẹ mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ omi. Wọ́n lé àwọn mẹ́fà tó ń gbẹ́ kòtò páìpù dànù, torí pé wọ́n béèrè bàtà iṣẹ́. Bí wọn ò bá gbà wọ́n padà, gbogbo wa máa daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀gá wa ò bá mi sọ̀rọ̀ o, Bàbá ló lọ bá nílé. Lánàá, Bàbá ṣí fìlà níwájú mi: “Sàláúdéènì, mo bẹ̀ ọ́, fi ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń sunkún, ṣùgbọ́n n ò lè sọ pé mo gbọ́. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò mọ̀wé. Èmi ni mo di àtàǹpàkò wọn mú tẹ ìwé ẹgbẹ́, tí mo ní kò séwu.

Bàbá ò tíì dé fìlà náà padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá, wọ́n á gbọ́ tiyín.

Ọlọ́hun á jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀. Ẹ má fi èsì ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ mi mọ́. Ilé ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

Àbúrò yín,
Sàláúdéènì